C. S. Lewis Nígbà Àìsàn Aya Rẹ̀

Ẹ̀yin ará ní etí òkun Ìlàjẹ, bí dókítà bá sọ pé jẹjẹrẹ ni àìsàn aya ẹni, ìbéèrè a dìde: ṣé àdúrà ni tàbí ìtọ́jú? Ẹ jẹ́ kí a wo C. S. Lewis, gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé onígbàgbọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní October 1956, egungun itan Joy, aya rẹ̀, dá. Wọ́n sì rí i pé jẹjẹrẹ ti tàn nínú ara rẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n sì fi ìtànṣán tọ́jú rẹ̀. Ní 21 March 1957, àlùfáà Peter Bide gbé ọwọ́ lé e, ó gbàdúrà, ó sì ṣe ìgbéyàwó ìjọ fún wọn ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ara Joy yá, ó tún rìn.

Ní 1959, àrùn náà padà dé. Síbẹ̀ ní April 1960, Lewis bá a lọ sí ilẹ̀ Gíríìsì tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́. Joy sùn nínú Olúwa ní 13 July 1960.

Lewis kò fi àdúrà lé dókítà jáde, kò sì fi oògùn dí ẹnu àdúrà. Kí Olúwa fún wa ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Àmín.