Adéṣewà Ògúndé: Òṣèré Tó Lọ́kọ Tí Kò Fi Ìtàgé Sílẹ̀

Gbogbo wa la mọ orúkọ Hubert Ògúndé, torí tíṣà Yorùbá kì í jẹ́ ká gbádùn lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń bá a ṣeré? Mo béèrè ní kíláásì wa, kò sẹ́ni tó dárúkọ obìnrin kan ṣoṣo. Ìyẹn ló jẹ́ kí n kọ ti Adéṣewà.

Clementina Ògúntìmírìn ni wọ́n ń pè é kó tó di Adéṣewà Ògúndé. Láyé ìgbà yẹn, oníranù ni wọ́n ń ka ọmọbìnrin tó bá ń ṣe tíátà sí. (Ká má parọ́, ní Igbó-Ọrà níbí náà, ọmọkùnrin ló ṣe olorì nínú eré ilé-ìwé wa ní táàmù tó kọjá, torí àwọn òbí kan ò gbà kí ọmọ wọn dúró ṣe ìfidánrawò.) Ọdún 1944 ni Ògúndé, ọmọ Òṣósà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde l'Ékòó. Ọlọ́pàá ṣì ni nígbà náà. Ní 1946, ó kéde pé òun ń wá obìnrin tí òun á máa sanwó fún. Nínú eré Tiger's Empire lọ́dún náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ polówó orúkọ obìnrin bí òṣèré tó fi eré ṣiṣẹ́ ṣe.

Clementina wọ ẹgbẹ́ náà, ó sì fẹ́ ọ̀gá. Ní 1947, àwọn méjèèjì jọ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n kọ́ ijó tap àti waltz níbẹ̀, wọ́n sì padà wálé wá máa ṣeré lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Bí òṣèrébìnrin bá ti lọ́kọ nígbà yẹn, ó tán nìyẹn, ọkọ á ní kó jókòó sílé. Àwọn òyìnbó náà ṣe bẹ́ẹ̀: Grace Kelly tó gba Oscar ní Amẹ́ríkà fẹ́ olórí ìlú Monaco ní 1956, kò sì ṣeré nínú fíìmù mọ́. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá lọ ilé ọkọ, Ògúndé á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹlòmíì. Ọgbọ́n tó wá dá ni pé ó ń fẹ́ àwọn òṣèré rẹ̀. Wọ́n lé ní mẹ́wàá! Ó dáàbò bo iṣẹ́ o, ṣùgbọ́n èmi ò rò pé ó rọrùn fún Adéṣewà láti máa bá orogún jẹun nílé, kó tún bá wọn jó lórí ìtàgé lálẹ́. Síbẹ̀, ó dúró, ó sì wà lára àwọn òpó ẹgbẹ́ náà.

Ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ náà nítorí eré Yorùbá Ronú. Fún bí ọdún méjì, wọn ò lè ṣeré ní agbègbè tí àwọn èèyàn wọn pọ̀ sí jù. Ìdílé tó jẹ́ pé tọkọtaya ló ń jẹun nídìí eré, ẹ fojú inú wò ó. Ìjọba ológun ló mú òfin náà kúrò ní 1966.

Ní 1970, jàǹbá ọkọ̀ pa Adéṣewà. Fíìmù Aiyé tí àwọn òbí wa ń sọ jáde ní 1979, ọdún kẹsàn-án lẹ́yìn ikú rẹ̀.