Awólọ́wọ̀ àti Ẹ̀tọ́ Olúkúlùkù

Ìkẹ́nnẹ́ ni a bí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sí ní 1909. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1947, ó là á mọ́lẹ̀ pé ó yẹ kí ẹkùn kọ̀ọ̀kan máa darí ara rẹ̀ lábẹ́ ìjọba àpapọ̀.

Ní oṣù karùn-ún 1953, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ rẹ̀ rán Ládòkè Akíntọ́lá sí Kano láti polongo òmìnira. A fòfin de ìpàdé náà, síbẹ̀ ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Sabon Gari. Ènìyàn 36 kú gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ ìjọba.

Awólọ́wọ̀ jà kí a kọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sínú òfin, kí ọkàn àlejò àti onílé lè balẹ̀. Ẹ̀tọ́ náà wọ inú Òfin Ìpìlẹ̀ 1960, ṣùgbọ́n òfin kan náà fún ìjọba àpapọ̀ ní agbára ńlá nígbà pàjáwìrì. Ní 1962, wọ́n lo agbára yìí ní Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n sì ká Awólọ́wọ̀ lọ́wọ́ kò. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kàn án, ìjọba kò jẹ́ kí agbẹjọ́rò tí ó yàn láti ìlú Òyìnbó wọ Nàìjíríà. Ilé ẹjọ́ sì gbè sẹ́yìn ìjọba. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni wọ́n dá fún un ní 1963. Ó gba ìdásílẹ̀ ní 1966, ó sì dolóògbé ní 1987.

Pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó: ẹ̀tọ́ tí kò gba olórí ẹgbẹ́ sílẹ̀ kò lè gba ọlọ́jà Sabon Gari.