Dókítà Lámbò àti Àwọn Abúlé Aro

Ẹ ó rántí àríyànjiyàn tó ṣẹlẹ̀ ní ìpàdé tó kọjá lórí ilé ìwòsàn kékeré wa. Ìgbìmọ̀ ìlera kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi sápá òkè, ìgbìmọ̀ omi gbẹ́ bọ́hòlù sápá ìsàlẹ̀, kò sì sí páìpù tó so méjèèjì pọ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹnikẹ́ni ò jalè. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan dára láyè tiẹ̀. Wọn ò kàn bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi, òun ló jẹ́ kí n yan ẹni tí a máa sọ ìtàn rẹ̀ lóṣù yìí: Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò.

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1923. Ó kàwé ní Baptist Boys' High School níbẹ̀, ó wá lọ sí Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gboyè dókítà ní 1948. Lẹ́yìn náà ló lọ kọ́ nípa àrùn ọpọlọ ní London. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n pẹ́ níbẹ̀, ìwé tó kà kọ́ ni mo fẹ́ sọ.

Ayé ìgbà náà le fún ẹni tí orí rẹ̀ bá dàrú. Bí wọn ò bá mú un lọ sílé oníṣègùn, níbi tí wọ́n ti lè fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀, á di èrò ilé tí ìjọba kó irú wọn sí. Èyí tó wà ní Yaba ti wà láti 1907. Ní Abẹ́òkúta, Lantoro ni, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba aláìsàn síbẹ̀ ní 1944, ọgbà ẹ̀wọ̀n sì ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ ò rí i pé orúkọ ló yàtọ̀. Wọ́n á tì wọ́n mọ́lé, ẹbí á padà sílé, ó parí.

Èyí tó tún burú ni ohun tí àwọn kan lára àwọn dókítà òyìnbó ń kọ nípa wa. Ní 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé kan jáde, J. C. Carothers ló kọ ọ́, dókítà tó ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà. Ó sọ níbẹ̀ pé ọpọlọ ọmọ Áfíríkà ò ṣiṣẹ́ bí i ti òyìnbó. Lámbò kò gbà. Kò sì fi ariwo já a níyàn, iṣẹ́ ló fi já a.

Ní 1954, wọ́n fi í ṣe olórí ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tuntun ní Aro, lẹ́yìn ìlú Abẹ́òkúta. Ó débẹ̀, ilé ò tíì parí. Ẹ̀yin náà mọ iṣẹ́ ìjọba. Ẹlòmíì ì bá jókòó de kọngílá, kó máa gba owó oṣù rẹ̀. Lámbò wo àwọn abúlé tó yí ibẹ̀ ká, ó ní kí aláìsàn máa gbé níbẹ̀. Ó lọ bá àwọn baálé abúlé, ó bá àwọn onílé sọ̀rọ̀, wọ́n gbà láti fi yàrá háyà.

Ètò rẹ̀ rèé. Aláìsàn ò lè dá wá, ó kéré tán ìbátan kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e: ìyá, ẹ̀gbọ́n, ìyàwó, ẹnikẹ́ni tó lè sebẹ̀ fún un, tó lè bá a fọṣọ. Láàárọ̀, wọ́n á jọ wá sílé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́, oògùn tàbí ìtọ́jú oníná mànàmáná. Tó bá di ọ̀sán, wọ́n á padà sábúlé. Níbẹ̀, aláìsàn á rí ọmọdé tó ń ṣeré, á rí àgbẹ̀ tó ń ti oko bọ̀, á gbọ́ èdè tó mọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì náà máa ń wọ abúlé lọ wò wọ́n. Ohun tí ìbátan bá rí lóru, dókítà á gbọ́ ọ láàárọ̀. Ilé ìwòsàn wo ló tún ń rí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ gbà?

Ó tún ṣe ohun tó jọ àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú. Ó gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ síṣẹ́. Wọ́n ń bójú tó eré, ijó, ayẹyẹ àti ìkórajọ àwọn aláìsàn nínú abúlé, wọ́n sì ń ran àwọn dókítà lọ́wọ́ láti mọ ohun tí ìran wa ń pè ní àrùn àti ohun tí wọ́n gbà pé ó fà á. Kò ní kí dókítà ju oògùn òyìnbó nù o. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé aláìsàn tó ń ti ọ̀dọ̀ dókítà bọ̀ láàárọ̀ lè gba ọ̀dọ̀ babaláwo kọjá nírọ̀lẹ́, kò sì ní sọ fún ẹnì kankan. Tó bá jẹ́ pé méjèèjì ló ń tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n kúkú mọra wọn. Wọ́n bú u lórí èyí, pàápàá àwọn tí wọ́n rò pé ó ń ta iyì iṣẹ́ dókítà nù. Èmi náà ní ohun tí mo fẹ́ bi í ká ní ó ṣì wà: báwo ló ṣe ya oníṣègùn tó mọṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ń na aláìsàn? Ìyẹn ò kéré rárá.

Lójú tèmi, omi ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ètò yìí. Ilé ìwòsàn bá àwọn ará abúlé wá omi tó mọ́, ó bá wọn ṣe ṣáláńgá, ó sì ń bá wọn gbógun ti ẹ̀fọn. Owó háyà ń wọlé fún onílé, omi ń ṣàn fún ọmọ rẹ̀, kí ló máa wá jẹ́ kó lé aláìsàn jáde? Ẹ̀ka tó ń rí sí ìmọ́tótó, ẹ̀ka tó ń wo aláìsàn, baálé, onílé àti ẹbí, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. (Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ omi, mi ò pe orúkọ ẹnì kankan o.)

Ní 1961, ó pe ìpàdé àwọn dókítà àrùn ọpọlọ gbogbo Áfíríkà sí Abẹ́òkúta, àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn ará Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, tí Alexander Leighton jẹ́ olórí wọn, wá bá a ṣe ìwádìí ní Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé. Kì í ṣe dókítà nìkan ló wà níbẹ̀, àwọn onímọ̀ nípa àṣà àti ìgbé ayé ẹ̀dá wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìwé wọn jáde ní 1963. Wọ́n fi ohun tí wọ́n rí wé ìwádìí tí Leighton ti ṣe ní Kánádà, wọ́n sì rí i pé irú àìsàn tó ń ṣe wọ́n lọ́hùn-ún ló ń ṣe wá níhìn-ín. Ìdáhùn fún Carothers nìyẹn.

Lámbò di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn ní 1963, ó sì di gíwá yunifásítì náà ní 1968. Ní 1971, ó lọ sí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Geneva, àjọ tó tẹ ìwé Carothers yẹn gan-an. Láti 1973 títí di 1988, òun ni igbákejì ọ̀gá àgbà níbẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2004. Ọmọ ọwọ́ ni púpọ̀ nínú àwa ọ̀dọ́ nígbà yẹn.

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ní ìyá tàbí bàbá àgbà tó tẹ̀ lé aláìsàn lọ gbé ní Aro láyé ọjọ́un, ẹ bi wọ́n léèrè bó ṣe rí, kí ẹ sì gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù. A ò ní dárúkọ aláìsàn kankan. Ẹ fi ránṣẹ́ sí èyíkéyìí nínú àwa aṣojú ọ̀dọ́ kí oṣù yìí tó parí.