Hubert Ògúndé, òṣèré tí ó sọ òtítọ́ láìbojú

Ní Kétu, àti ní Sàkétẹ́ tí kò jìnnà sí Àjàṣẹ́, ẹ̀fẹ̀ a máa jáde ní òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́. A máa bá ìjòyè àti olówó wí ní gbangba, ẹnikẹ́ni kì í sì í mú un. Ère orí rẹ̀ ni ààbò rẹ̀. Ní ayé àtijọ́, àwọn òṣèré ìlú Áténì ní ilẹ̀ Gíríìsì pẹ̀lú a máa bojú níwájú ará ìlú. Hubert Ògúndé kọ́ eré lọ́dọ̀ eégún, ṣùgbọ́n láìbojú ni ó sọ tirẹ̀.

Ọdún 1916 ni a bí i ní Òṣóṣà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ní Nàìjíríà. Pásítọ̀ ni bàbá rẹ̀. Síbẹ̀, ní kékeré, ó bá àwọn eégún alárìnjó ṣeré. Nígbà tí ó dàgbà, ó ṣe olùkọ́, ó sì wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní 1941. Ní 1944, ó ṣe eré ìtàgé àkọ́kọ́ fún ìjọ Aládùúrà ní Èkó. Ní 1945, ó dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀.

Nígbà náà, alágbe ni àwọn ènìyàn ń pe òṣèré. Àwọn òbí kì í fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn bá a ṣiṣẹ́. Nítorí náà, Ògúndé fẹ́ àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ níyàwó.

Ní 1945, àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù. Ògúndé ṣe eré nípa ìyà wọn. Àwọn aláṣẹ òyìnbó fòfin de eré náà ní ìlú Jọ́ọ̀sì, wọ́n sì gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀.

Òyìnbó lọ tán, ìjà kò tán. Ní 1964, àwọn olóṣèlú Yorùbá ń bá ara wọn jà. Ògúndé ṣe eré Yorùbá Ronú, nípa ọba kan tí igbákejì rẹ̀ dà á. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà mọ ẹni tí eré náà ń bá wí. Wọ́n fòfin dè é pé kò gbọdọ̀ ṣeré ní gbogbo agbègbè wọn. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn tí ń wo eré rẹ̀ pọ̀ sí jù lọ, ibẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ ti ń wá. Kò tọrọ àforíjì. Ó tún ṣe eré mìíràn, ó pè é ní Òtítọ́ Korò. Ní 1966, ìjọba ológun mú òfin náà kúrò.

Lẹ́yìn náà, ó gbé eré rẹ̀ lọ sínú sinimá. Àkọ́kọ́ ni Ayé, ní 1979. Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹrin ọdún 1990. Iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní iṣẹ́ alágbe ti di iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi ń jẹun.