Peter Wentworth

Peter Wentworth (a bí i ní nǹkan bí ọdún 1524) jẹ́ onílẹ̀ àti aṣòfin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìgbà ìjọba ìdílé Tudor. Abúlé Lillingstone Lovell ni ilé rẹ̀ wà. Ìyàwó rẹ̀ kejì, Elizabeth, jẹ́ arábìnrin Francis Walsingham, akọ̀wé àgbà fún Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní. Ẹni tí ó ní irú àna bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó jìnnà sí ojúrere ààfin, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n ni Wentworth mọ̀ ju ààfin lọ.

Ó ti lé ní ọmọ ogójì ọdún kí ó tó wọ Ilé Aṣòfin Kékeré ní 1571. Ọbabìnrin kò fẹ́ kí àwọn aṣòfin dá ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tàbí ti ẹni tí yóò jọba lẹ́yìn òun sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì bímọ. Paul, àbúrò Wentworth, ti bèèrè ní 1566 bóyá irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ kò tako ẹ̀tọ́ Ilé.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì 1576, Wentworth dìde sọ̀rọ̀. Ó ní ohun méjì ni ó ń ba Ilé jẹ́: àhesọ pé inú ọbabìnrin kò dùn sí ọ̀ràn kan, àti iṣẹ́ tí a ń rán wá láti ààfin pé kí wọ́n má ṣe dá ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Ó tún sọ pé kò sí ẹni tí kì í ṣẹ̀, ọbabìnrin pàápàá. Ẹ̀rù ba àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọn kò jẹ́ kí ó parí ọ̀rọ̀. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n rán an lọ sí Ilé Ìṣọ́ Lọ́ńdọ̀nù, odi tí a fi ń ti ọ̀tá ọba mọ́. Ọbabìnrin ni ó sì dá a sílẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan. Wentworth ti mọ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó ń ro ọ̀rọ̀ náà bí ó ti ń rìn lórí ilẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rù ti sọ fún un pé ẹ̀wọ̀n ni yóò gbé e dé, síbẹ̀ kò yọ ọ́ kúrò.

Wọ́n tún tì í mọ́lé ní 1587, àti ní 1591 nítorí ìwé tí ó fi rọ ọbabìnrin láti dárúkọ àrólé rẹ̀. Ní 1593 ó tún gbé ọ̀rọ̀ àrólé yìí wá sí Ilé. Lọ́tẹ̀ yìí kò jáde mọ́. Ìyàwó rẹ̀ bá a gbé inú Ilé Ìṣọ́, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Ibẹ̀ náà ni ọkọ rẹ̀ kú sí. Nínú ẹ̀wọ̀n yìí ni ó ti kọ ìwé mìíràn, tí ó fi sọ pé James ọba Scotland ni oyè tọ́ sí. A tẹ ìwé méjèèjì jáde ní 1598. Nígbà tí Elizabeth wàjà ní 1603, James ni ó gorí ìtẹ́.