Zubayda, Olorì Tó Fa Omi Wọ Mẹ́kà

Ẹ̀yin ará mi lẹ́yìn odi, bí ìyá tàbí bàbá yín bá ti lọ sí Mẹ́kà rí, ẹ ó ti gbọ́ ìròyìn oòrùn ibẹ̀. Láti Jẹ́dà tí bàálù ti ń já wọn sílẹ̀ ni ooru ti ń pàdé wọn. Ẹ̀ńjínnià ni mí, ìtàn iṣẹ́ omi sì máa ń dùn mọ́ mi. Ti obìnrin kan ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Zubayda ni wọ́n ń pè é. Ọmọọmọ al-Mansur ni, ọba tó tẹ Baghdad dó ní 762. Harun al-Rashid, ìbátan rẹ̀, ló fẹ́ ẹ. Nígbà tí Harun jọba ní 786, Zubayda di olorì tówó kún ọwọ́ ẹ̀.

Ààfin yẹn mọ owó ná. Ní 806, Harun kó ọmọ ogun rẹpẹtẹ lọ bá ìjọba Byzantium jà. Zubayda náà fẹ́ràn ọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ ṣe Hájì, ó rí bí òùngbẹ ṣe ń han àwọn èèyàn léèmọ̀. Wọ́n ní owó wúrà kan ni wọ́n ń ta omi inú àpò awọ kan. Tálákà wo ló lè rà á?

Ló bá ní kí wọ́n fa omi wá láti àfonífojì Nu'man, lápá òkè Taif. Àpáta ló pọ̀ níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè ti omi nígbà náà. Fúnra omi ló gbọ́dọ̀ ṣàn. Bí ojú ọ̀nà rẹ̀ bá dà jù, omi á jẹ ògiri; bí kò bá dà tó, iyanrìn á dí i. Wọ́n la àpáta títí omi fi dé Àràfá àti Mẹ́kà. Àwọn òpìtàn ní 1,700,000 dínárì ló ná an. Ó tún gbẹ́ kànga sójú ọ̀nà láti Kufa ní Iraq wá sí Mẹ́kà. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pe ọ̀nà náà.

Harun kú ní 809. Al-Amin, ọmọ Zubayda, jọba, òun àti ọbàkan rẹ̀ sì dojú ogun kọ ara wọn. Owó ìṣúra lọ sápò ṣọ́jà, síbẹ̀ wọ́n pa al-Amin ní 813. Zubayda kú ní 831. Kí ló kù nínú owó ogun yẹn? Ṣùgbọ́n omi rẹ̀, pẹ̀lú àtúnṣe lóríṣiríṣi, àwọn ará Mẹ́kà mu ún wọ ọ̀rúndún 20.

Ní 2023, Sàúdì ná owó tó lé ní bílíọ̀nù 70 dọ́là sórí ológun. Ká má purọ́, wọ́n ń náwó sórí omi náà: omi òkun tí wọ́n sọ di mímu ni Jẹ́dà àti Mẹ́kà ń mu. Síbẹ̀, ní oṣù kẹfà 2024, èèyàn 1,301 kú níbi Hájì nínú ooru ńlá. Ìjọba fúnra rẹ̀ ní 83 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni kò níwèé àṣẹ. Kí Hájì tó bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀ṣọ́ ti ń lé irú wọn jáde ní Mẹ́kà. Àwọn tó kù sì ń fẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn, láìsí ibòji.

Mi ò ní kí ìjọba má ní ṣọ́jà, mi ò sì ní kí ẹnubodè ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ṣùgbọ́n omi Zubayda kò béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Níbi yòówù ká wà, nílé tàbí lẹ́yìn odi, bí ìjọba bá ń ka ìṣirò owó ọdún, ẹ jẹ́ ká máa bi wọ́n: èwo níbẹ̀ ni tálákà máa rí mu?