Andrew Carnegie: Ọmọ ahunṣọ tó fi owó irin kọ́ ilé ìkàwé 2,509

Ẹ̀yin èèyàn wa, tí ẹ bá dé Pittsburgh ní Amẹ́ríkà tàbí Dunfermline ní Scotland, tí ẹ béèrè ilé ìkàwé ìlú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ilé tí owó ọkùnrin kan ṣoṣo kọ́ ni wọ́n máa júwe fún yín. Andrew Carnegie lorúkọ rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó ti kú, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì tán nílẹ̀. Lónìí tí wọ́n ń bá ara wọn fà á káàkiri ayé lórí ta ni kó máa gbọ́ bùkátà ilé ìkàwé, ta ni kó máa san owó kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì tí aráàlú ń jókòó lò níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ìtàn bàbá yìí yẹ ní gbígbọ́. Ó fi owó gọbọi dán ọ̀rọ̀ náà wò, gbogbo ayé sì rí ibi tó já sí.

Ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ọdún 1835 ni wọ́n bí i ní Dunfermline. William ni bàbá rẹ̀, ahunṣọ ni. Ìsàlẹ̀ ilé ni òfì wà, òkè ni bàbá, ìyá àti ọmọ ń sùn. Àwọn ahunṣọ ìlú yẹn kì í ṣe ẹni tó kàn ń hun aṣọ lásán o. Wọ́n fẹ́ràn ìwé, wọ́n fẹ́ràn àríyànjiyàn òṣèlú. William wà lára àwọn tó kó ìwọ̀nba ìwé tí wọ́n ní jọ, tí wọ́n ń yá ara wọn àti àwọn ará àdúgbò. Ibẹ̀ ni ọmọ ti kọ́kọ́ rí i pé tálákà kò gbọdọ̀ dúró de olówó kó tó kàwé.

Nígbà tí ẹ̀rọ ìhunṣọ tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ dé, òfì dákẹ́. Iṣẹ́ tán, owó tán. Wọ́n ta ẹrù ilé, wọ́n tún yá owó kún un, wọ́n sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1848. Allegheny, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pittsburgh, ni wọ́n forí lé. Ọmọ ọdún 13 péré ni Andrew nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ òwú. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń jáde, ilẹ̀ ti ṣú kó tó padà wálé. Dọ́là kan àti ogún sẹ́ǹtì ni wọ́n ń san fún un lọ́sẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti lọ ń dáná ẹ̀rọ nínú àjàalẹ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn, kó tó wá ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì tẹligíráàmù, níbi tó ti ń sáré káàkiri Pittsburgh pín iṣẹ́ tí wọ́n rán.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ọ̀rọ̀ nìyí. Ọkùnrin kan wà ní Allegheny tó ń jẹ́ Ọ̀gágun James Anderson. Ó ní ìwé bíi 400 nílé, ó sì ṣílẹ̀kùn fáwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ pé kí wọ́n máa wá yá ìwé kan ní gbogbo Sátidé, kí wọ́n dá a padà ní Sátidé tó ń bọ̀. Kò gba kọ́bọ̀. Bí ọmọ ahunṣọ yìí ṣe mọ ìtàn ayé àtijọ́ nìyẹn, bó ṣe mọ eré oníṣe nìyẹn, láìjẹ́ pé ó padà sí ilé ẹ̀kọ́.

Àmọ́ nígbà tí ilé ìkàwé náà ń gbòòrò sí i, àwọn tó ń bójú tó o gbé òfin kan jáde: ọmọ tó bá ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́ lábẹ́ ọ̀gá ni yóò máa yá ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn yòókù yóò san dọ́là méjì lọ́dún. Ọmọ tó ń pín tẹligíráàmù kò sí lára ọmọ iṣẹ́ ọwọ́ lójú wọn. Ẹ ronú owó tó ń gbà lọ́sẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi dọ́là méjì wé e. Andrew kò gbà. Lọ́dún 1853, ó kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn ìlú, ó ní ohun tí olóore náà ní lọ́kàn kọ́ nìyí. Wọ́n fèsì, òun náà fèsì padà. Nígbẹ̀yìn wọ́n yí òfin náà. Tèmi ni pé lẹ́tà yẹn ṣe pàtàkì ju gbogbo ilé tó padà kọ́ lọ, torí ohun tó jà fún níbẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ti fi owó ìwọlé sí ẹnu ọ̀nà, àwọn tó nílò ibẹ̀ jù ni yóò kọ́kọ́ padà sẹ́yìn. Lọ́dún 1904, tó ti dolówó, ó gbé ère ìrántí kan kalẹ̀ fún Anderson ní Allegheny.

Bó ṣe dolówó kò gba àlàyé púpọ̀. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi etí lásán gba tẹligíráàmù. Ọ̀gá kan ní ilé iṣẹ́ rélùwéè Pennsylvania, Thomas Scott, mú un ní akọ̀wé ní dọ́là 35 lóṣù. Ó ra ìpín ìdókòwò, ó kọ́ afárá onírin, ó wá bọ́ sínú òwò irin líle. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Braddock bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1875. Nígbà tó máa di 1901 tó ta gbogbo rẹ̀ fún J.P. Morgan, mílíọ̀nù 480 dọ́là ni wọ́n dá lé e. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 225 nínú rẹ̀ ló bọ́ sọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀.

A kò gbọdọ̀ fo Homestead kọjá o, bó ti wù kí ẹni fẹ́ràn ilé ìkàwé tó. Lọ́dún 1892, ìjà dé láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ irin rẹ̀ ní ìlú yẹn àti Henry Clay Frick tó ń bá a darí òwò. Wọ́n fẹ́ gé owó oṣù, wọ́n sì fẹ́ fọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù keje, 300 ẹ̀ṣọ́ Pinkerton fi ọkọ̀ ojú omi wọ̀lú. Ìbọn ròkè. Ó kéré tán, èèyàn mẹ́wàá ló kú, òṣìṣẹ́ àti ẹ̀ṣọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ kó sójà wá, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sì fọ́. Scotland ni Carnegie wà, ó lọ sinmi. Àmọ́ kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ó ti fọwọ́ sí i kí Frick tó gbé ìgbésẹ̀. Ní 1898, ilé ìkàwé ńlá kan ṣí fún àwọn ará Homestead. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi wákàtí 12 ṣiṣẹ́ lóòjọ́ wo ilé náà, wọ́n ń bi ara wọn léèrè pé ìgbà wo làwọn fẹ́ ráyè kàwé níbẹ̀. Ìbéèrè yẹn kò ní ìdáhùn títí tó fi kú.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí ọ̀rọ̀ ilé ìkàwé. Dunfermline ìlú rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ní 1881, ilé sì ṣí ní 1883. Lẹ́yìn náà ni Braddock ní 1889, tó ní ilé ìwẹ̀ nísàlẹ̀ fáwọn tó ń bọ̀ láti ìdí iná irin. Kí eré tó parí, iye rẹ̀ ti di 2,509. 1,689 wà ní Amẹ́ríkà, 660 ní Britain àti Ireland, 125 ní Canada, àwọn yòókù sì wà káàkiri.

Àmọ́ kì í ṣe pé ó kàn ń pín owó bí ẹni ń náwó lóde àríyá. Àdéhùn wà níbẹ̀. Ìlú tó bá fẹ́ ilé ìkàwé ni yóò mú ilẹ̀ wá. Ìlú náà ni yóò fọwọ́ sí i pé lọ́dọọdún, nínú owó orí, òun yóò máa yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún iye tí Carnegie fi sílẹ̀. Tó bá fún yín ní 10,000 dọ́là, ẹ óò máa pèsè 1,000 dọ́là lọ́dọọdún fún ìwé, owó oṣù, iná àti títún ilé ṣe. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sanwó kó tó wọlé. Akọ̀wé rẹ̀, James Bertram, ló ń ka lẹ́tà àwọn ìlú, ó sì le bí ojú ẹja. Tí àwòrán ilé bá ti ní ọ̀ṣọ́ tó pọ̀ jù, ó dá a padà nìyẹn. Lójú rẹ̀, ibi ìkàwé lẹ ní ẹ fẹ́, ẹ kò ní ààfin lẹ fẹ́.

Ìdí àdéhùn yìí kò ṣòro láti rí. Carnegie mọ̀ pé kíkọ́ ilé kọ́ ni iṣẹ́, títọ́jú rẹ̀ ni. Ẹ wo àyíká wa náà. Ẹ̀ẹ̀melòó la ti gbọ́ pé olóṣèlú kan gé ríbọ́nù níwájú gbọ̀ngàn kọ̀ǹpútà tuntun, wọ́n ya fọ́tò, tí ìlẹ̀kùn sì padà wà ní títì nítorí kò sí owó dísùù, kò sí owó détà, kò sí ẹni tí wọ́n ń sanwó oṣù fún láti ṣí i? Àwọn ọmọ tó fẹ́ lo íntánẹ́ẹ̀tì á tún padà sí kafé tí wọ́n ti ń sanwó.

Gbogbo ìlú kọ́ ló gbà. Pittsburgh fúnra rẹ̀ kọ̀ ní 1881, wọ́n ní òfin kò fún àwọn láṣẹ láti fi owó orí gbọ́ bùkátà ilé ìkàwé. Wọ́n padà gbà nígbà tó yá, ilé ìkàwé ńlá ibẹ̀ sì ṣí ní 1895. Àwọn mìíràn ní owó tí ẹ̀jẹ̀ Homestead wà lára rẹ̀ kò wọ ìlú àwọn. Àwọn kan gbà á tán, wọ́n kọ̀ láti san ìdá mẹ́wàá wọn.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ tún wà ńbẹ̀. Ní gúúsù Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ní ó wà fún gbogbo ènìyàn kò gba aláwọ̀ dúdú láàyè. Lọ́dún 1902, W.E.B. Du Bois àti àwọn kan lọ bá àwọn alábòójútó ilé ìkàwé Carnegie ní Atlanta pé ẹ̀tọ́ àwọn náà ni. Wọn kò gbà. Carnegie lè fi èyí sínú àdéhùn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe fi ìdá mẹ́wàá síbẹ̀. Kò ṣe é. Ohun tó ṣe ni pé ó sanwó fún ilé ọ̀tọ̀ fáwọn aláwọ̀ dúdú láwọn ìlú kan, bí irú èyí tó ṣí ní Louisville ní 1908, tí Thomas Fountain Blue, aláwọ̀ dúdú, darí. Washington nìkan lèmi lè yìn níbí: ilé tibẹ̀ tó ṣí ní 1903 gba tọ́tún tòsì wọlé. Ilé ọ̀hún ni Apple sọ di ṣọ́ọ̀bù lọ́dún 2019.

Ní 1911, ó dá Carnegie Corporation sílẹ̀ ní New York láti máa bá a náwó náà lọ. Wọ́n dáwọ́ kíkọ́ ilé ìkàwé tuntun dúró ní 1917, torí ogun ti gba irin àti òṣìṣẹ́, ìwádìí tí wọ́n ṣe sì ti fi hàn pé àìsí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ olùtọ́jú ìwé ń pa ọ̀pọ̀ ilé tó wà nílẹ̀ lára. Carnegie kú ní Massachusetts ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 1919. Ó ti pín nǹkan bíi mílíọ̀nù 350 dọ́là.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn mìíràn gbà á ṣe. Láti ìparí àwọn ọdún 1990, àjọ Bill Gates kó kọ̀ǹpútà tó ju 40,000 lọ sí àwọn ilé ìkàwé Amẹ́ríkà. Ní Britain, £100 mílíọ̀nù nínú owó lọ́tírì ni wọ́n fi so ilé ìkàwé mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000. Láti 2010 tí ìjọba ibẹ̀ ti gé owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé ìkàwé ni wọ́n ti tì pa, tàwọn ti kọ̀ǹpútà inú wọn. Àwọn tó ń fi ibẹ̀ wáṣẹ́, tó ń fi ibẹ̀ béèrè owó ìrànwọ́ ìjọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni ọ̀rọ̀ náà dùn jù.

Nílé wa ńkọ́? Wọ́n ti tún òfin Carnegie Corporation ṣe kí apá kan nínú owó náà lè dé àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Britain. Bó ṣe dé Èkó nìyẹn ní 1932, nígbà tí wọ́n fi ìrànwọ́ rẹ̀ dá Lagos Library sílẹ̀. Ẹ máa gbọ́ o: ilé ìkàwé tí wọ́n ń sanwó wọ̀ ni, òyìnbó ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń lò ó. Owó ọmọ tó bá wọn jà nítorí dọ́là méjì ni wọ́n fi kọ́ ọ.

Láti 2000 ni àjọ náà àti Ford, Rockefeller àti MacArthur ti pawọ́ pọ̀ ran àwọn yunifásítì ní Áfíríkà lọ́wọ́. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ wà lára wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lo owó Carnegie fún iLab, èyí tó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ìdánwò lórí ẹ̀rọ tó wà níbi tó jìnnà. Ní nǹkan bíi 2005, wọ́n tún kó àwọn yunifásítì jọ kí wọ́n lè ra íntánẹ́ẹ̀tì sátẹ́láìtì lápapọ̀, bí àwọn ìyálọ́jà ṣe ń dáwó ra ọjà ní àpò-àpò, owó rẹ̀ sì wálẹ̀ gan-an. Ọdún 2010 ni àjọṣepọ̀ náà parí.